Iyọ̀ Funfun Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọpọ́n

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo ní ìrètí pé ara gbogbo yín le, àti pé ikọ́ tó ń dààmú ọmọ rẹ kékeré ti lọ. Àwa náà wà láàyè. Ó rẹ̀ mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Ó rẹ̀ mí débi pé orúnkún mi ń dún bí mo bá fẹ́ jókòó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí àárẹ̀ ni mo ṣe mú bírò.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé. Màmá ní kí n kà á sí àwọn létí. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹran rẹ mọ́ láé, pé iyọ̀ wọn ló pa ọmọ màlúù tí ò ń retí, ó ṣe mí bíi kí n fo ibẹ̀. Mi ò fò ó. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì padà sídìí ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà. Láti ìgbà náà, o ò pè wọ́n, àwọn náà ò pè ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Àbúrò mi, kì í ṣe Màmá ló gbé iyọ̀ yẹn síta. Èmi ni.

O mọ̀ pé màlúù mẹ́ta ló lóyún lọ́dún yìí: èyí tí Bàbá fún ọ nígbà tí o jáde ilé ẹ̀kọ́, ìyá rẹ̀ arúgbó, àti abo pupa tí à ń pè ní Ìyàwó torí pé òun ló dé gbẹ̀yìn. Nígbà tó ku oṣù méjì kí àwọn méjì àkọ́kọ́ bí, dókítà ẹran wá wò wọ́n. Ó ní ilẹ̀ wa ti ṣá, pé koríko tó ń hù lórí rẹ̀ kò ní ohun tí aboyún ẹran nílò nínú mọ́. Ó gbé àpò iyọ̀ eléròjà kan fún mi, ó ní àwọ̀ eérú, ó sì ń rùn bí irin tó dípẹtà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bù ú sínú ọpọ́n, ẹ fi páànù bò ó kí òjò má bà á jẹ́. Oṣù méjì yìí gan-an ló ṣe pàtàkì. Tí ìyá ò bá jẹ ẹ́ báyìí, ọmọ ló máa jìyà ẹ̀."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé kan wà lára àpò náà, mo sì kà á. O mọ̀ mí, kò sí ohun tí mi ò lè kà, títí kan ara ìgò oògùn àti páálí bàtà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kí a má gbé iyọ̀ mìíràn sítòsí, torí iyọ̀ ni ẹran ń wá. Bó bá ti rí iyọ̀ lásán, kò ní fẹnu kan eléròjà. Mo kà á tán, mo ní ẹni tó fẹ́ ta ọjà rẹ̀ ló kọ ọ́. Bí ìwé kíkà ṣe ń ṣe mí nìyẹn: bí mo bá ti rí ọ̀rọ̀, mo ti ń wá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé o rántí bí Bàbá ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pápá láàárọ̀, tí iyọ̀ funfun á wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, tí gbogbo ẹran á sì wá láti ìkángun pápá wá lá a? Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, àwọn ẹran yẹn kì í dá mi lóhùn. Bí mo bá pè, wọ́n á gbórí sókè, wọ́n á wò mí bí àlejò tó ṣì ilé kàn, wọ́n á sì padà sídìí koríko. Odidi ọdún méjì. Mo bá ra òkúta iyọ̀ funfun kan lọ́sẹ̀ tí dókítà wá yẹn gan-an, mo so ó mọ́ òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ń sáré bọ̀ tí wọ́n bá ti rí mi. Mo dúró láàrin wọn, inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé. Mi ò wo inú ọpọ́n rárá.

Ọmọ tí arúgbó bí kò lè dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tí a rẹ sómi. À ń kán wàrà sí i lẹ́nu, kò lè gbé e mì. Ọjọ́ kejì, ó kú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tìrẹ náà bí. Ọmọ rẹ̀ ò dìde, ibi ọmọ sì kọ̀, kò jáde. Èyí lo gbọ́. Ohun tí o ò gbọ́ ni bí dókítà ṣe ṣí páànù orí ọpọ́n, tó rí i pé eléròjà ṣì kún dé etí, ó ti gan bíi sìmẹ́ǹtì, aláǹtakùn ti takùn sórí rẹ̀. Ó yíjú wo òkúta iyọ̀. Ahọ́n ẹran ti lá a kù bí ẹyin adìẹ.

Ó ní, "Ta ló gbé èyí síbí?" Màmá, tó gbé omi gbígbóná dání, ní, "Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Màmá? Ẹ gbé ṣúgà síwájú wọn, ẹ wá ń retí kí wọ́n lo oògùn?"

"Ṣé mo lọ sí iléèwé màlúù ni? Ìwọ tó lọ, ṣe iṣẹ́ ẹ kí ìyá ọmọ má bàa kú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì ṣiṣẹ́. Èmi dúró tì wọ́n bí igi.

Ṣé iyọ̀ yẹn ló pa àwọn ọmọ náà? Mo bi dókítà. Ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí àìtó èròjà lára ìyá máa ń mú kí iṣan ọmọ rọ. Ó tún ní ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn, òun ò lè búra. Ì bá dára kó búra. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ǹ bá mọ ibi tí mo dúró sí. Ohun tó dá mi lójú ni pé oṣù méjì kọjá tí àwọn ẹran yẹn ò tọ́ eléròjà wò, èmi tí mo ka ìwé ara àpò ni mo sì fà á.

Nígbà náà, ó ku ọ̀sẹ̀ méje kí Ìyàwó bí. Mo yọ òkúta iyọ̀ kúrò. Dókítà gbé àpò tuntun wá, ó ní kí a máa pò ó mọ́ èèrí àgbàdo. Màmá ló ń pò ó láràárọ̀, kódà láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí lẹ́tà rẹ dé. Mo máa ń gbọ́ wọn: "Ìyàwó, jẹ ẹ́, má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà jẹ ohun tí mi ò fẹ́ nígbà tí mo lóyún àwọn méjì yẹn."

Ó bí lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Akọ ni. Ó dùbúlẹ̀, a dúró. Ogún ìṣẹ́jú. Ọgbọ̀n. Màmá kúnlẹ̀, wọ́n ń fi àpò gbígbẹ nù ún. Ó gbé ìdí sókè, ó ṣubú. Ó tún gbé e, ó fimú gbálẹ̀. Màmá ní, "Wò ó bí ọ̀mùtí." Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró, ó ń gbọ̀n, ó sì lọ ń wá ọmú níbi tí kò sí ọmú. Mo ní, "Màmá, nípa iyọ̀ yẹn..." Wọ́n ní, "Lọ bu omi wá fún ìyá ọmọ." Mo lọ bu omi.

Mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi gba ẹ̀bi yẹn. Bóyá wọ́n ti rí i pé mo ti ń rò ó láti fi ẹran sílẹ̀. Mo ń rò ó lóòótọ́. Ẹni àádọ́ta ọdún ni mí, ìyá mi ṣì ń bá mi gba ẹ̀bi, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbà á. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí. Màlúù rẹ ti ń jẹun dáadáa. Ọmọ tuntun yìí, tìrẹ ni. Mi ò sọ pé ó dí àlàfo èyí tó kú. Ṣá pe Màmá.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ìsinmi ju èyí tí mo ní lọ. Kí ó dá àwọn ọmọ rẹ sí, kí ọ̀rọ̀ má di ohun tí wọ́n á máa fi pamọ́ fún ara wọn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin.

Àfikún: Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bá mi, wọ́n bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní ìwọ ni. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọ́ pé kí o má bínú, àwọn ò mọ̀ pé iyọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n ń wo ọwọ́ mi, títí mo fi kọ ọ́ tán.