Ìràwọ̀ Kan fún Afinimọ̀nà

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé ẹ ti tún irin àtẹ̀gùn ilé yín tó ń mì yẹn ṣe? Ọlọ́run tó mú ọ wọ ìlú ńlá ò ní fi ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ á máa dẹ̀ fún ọ. O ò ní ṣe oore kí oore náà di ẹ̀bi sí ọ lọ́rùn. Ṣe àmín sí èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa, torí òun gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí ìyá rẹ.

Ọmọ mi, mo ti ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Afinimọ̀nà, ọkùnrin tí o sanwó fún pé kó fi mọ́tò mú mi lọ wo àwọn òkè àti ògiri àtijọ́ yẹn fún odidi ọjọ́ kan, wọ́n ti ní kó lọ jókòó sílé. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ọ̀gá wọn máa pinnu bóyá á padà sẹ́nu iṣẹ́ tàbí á máa lọ pátápátá. Kò jalè, kò mutí, kò fi ìwọ̀sí lọ̀ mí. Ìka ọwọ́ mi ló ṣe é. Wọ́n sì ní ìwọ nìkan lo lè tún un ṣe, torí orúkọ rẹ ló wà lórí ìrìn-àjò náà. Mo ti pè ọ́ nígbà mẹ́rin, obìnrin inú fóònù rẹ ló ń gbé e, ó ní o ò sí nítòsí. Mo ní kó bá mi sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ náà le, ó kàn gé fóònù mọ́ mi lẹ́nu ni. Ta ni ọmọ yẹn? Mi ò fẹ́ bó ṣe ń dáhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la sí ọ, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kó fi lé, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó bá ṣáà ṣílẹ̀kùn.

Nílé ńkọ́, a wà. Káfíńtà ti wá tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe, ṣùgbọ́n ó gbé e sódì, ìta ló ń ṣí sí báyìí, ẹni tó bá ń bọ̀ wọlé á kọ́kọ́ sá sẹ́yìn ná. Mo ní kó wá wò ó, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní nìyẹn. Ikọ́ àbúrò bàbá rẹ ti lọ, ẹnu rẹ̀ ló kù. Adìẹ dúdú yẹn pa ọmọ mẹ́sàn-án.

Lọ́jọ́ ìrìn-àjò náà, aago méje àárọ̀ ni Afinimọ̀nà ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin gígùn tín-ín-rín kan ni, ó dé fìlà aláwọ̀ ewé, ó tẹrí ba kí mi dáadáa. Mo yọjú wo inú mọ́tò, kò sí ẹnì kankan. Mo ní àwọn tó kù dà, ó ní kò sí ẹlòmíràn, èmi nìkan ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ti fọ mọ́tò, ó ti ra omi sínú rẹ̀, ènìyàn kan ṣoṣo ló wá! Mo wá sọ lọ́kàn mi pé mi ò ní jẹ́ kí ojú tì í. Gbogbo ohun tó bá sọ lọ́jọ́ náà, mo ń dáhùn fún ènìyàn mẹ́jọ. Tó bá sọ̀rọ̀ tán, màá pàtẹ́wọ́, màá sún díẹ̀, màá tún pàtẹ́wọ́ láti ibòmíràn. Ó pẹ́ kó tó ṣàlàyé fún mi pé bí o ṣe sanwó rẹ̀ nìyẹn, pé o ò fẹ́ kí wọ́n kó mi pọ̀ mọ́ èrò. O ṣeun, ọmọ mi, ṣùgbọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ènìyàn laṣọ mi.

Ó mú fọ́ọ̀mù kan jáde pé kí n kọ ọ̀rọ̀ sí i. Orúkọ, mo kọ ọ́. Ọjọ́ orí, mo kọ ọ́ bí mo ṣe rántí. Ó wá kan ibi tí wọ́n ti béèrè pé ta ni kí àwọn pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́nà. Èèmọ̀! Mo kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀ sí mi, mo sì kọ àmín sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí.

A ò tíì rìn jìnnà tí ìyàwó rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún un láti inú fóònù. Yà sí ọ̀tún. Yà sí òsì. Máa lọ tààrà. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò sinmi, ọkùnrin náà ò sì fèsì kankan, ohun tí obìnrin náà bá ṣáà ti wí ló ń ṣe. Ohùn rẹ̀ jọ ti ọmọ tó ń gbé fóònù rẹ yẹn, bóyá ẹbí ni wọ́n. Nígbà tí Afinimọ̀nà ṣi ọ̀nà níbì kan, ó ní kó padà, kó padà, kó padà. Mo fara dà á títí, mo wá na ọrùn síwájú, mo ní ìyàwó mi, ó tó, ọkọ rẹ mọ ọ̀nà. Afinimọ̀nà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ní ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ènìyàn. Mo ní mo gbọ́. Ọkùnrin mélòó ló kù láyé tó ń fi ẹ̀rín bo ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nílé? Àtìgbà yẹn ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ibẹ̀ dára o, ẹnu mi ò lè ròyìn rẹ̀ tán. Adágún omi ńlá kan tẹ́ sísàlẹ̀, òkè wà lẹ́yìn òkè, èyí tó jìnnà jù ń ṣe bí aró, ògiri òkúta ibẹ̀ sì ga ju ilé alájà méjì lọ. Afinimọ̀nà mọ orúkọ gbogbo ọba tó jẹ níbẹ̀, ó mọ ẹni tó lé ẹni kúrò lórí oyè, ó mọ ẹni tó gba ìyàwó ẹni, ó ń kà á sílẹ̀ láìwo ìwé. Mo ní ṣé ẹbí ìyá rẹ̀ ni wọ́n ni, ó ní rárá, iṣẹ́ òun ni. Mo ní ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ilé onílé tó báyìí, ó yẹ kí wọ́n yọ yàrá kan fún un níbẹ̀.

O ò sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nítorí bàbá rẹ lo ṣe yan ibẹ̀. Ìwọ náà mọ ìtàn wọn. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ bíríkìlà, kí wọ́n tó mọ̀ mí rárá, ìjọba kó àwọn bíríkìlà lọ tún àtẹ̀gùn ọba tó ti wó ṣe lórí òkè yẹn. Bàbá rẹ ní ọwọ́ àwọn ni àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn lókè bọ́ sí, pé nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù, àwọn fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ kí ọ̀gá tó yọjú. Ẹni tó bá jókòó tì wọ́n fún ìṣẹ́jú márùn-ún á gbọ́ ọ. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni káfíńtà ti sọ bàbá rẹ ní Àtẹ̀gùn-Ọba, onígbàjámọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀, àbúrò bàbá rẹ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Bí mo bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin á ní Ìyàwó Àtẹ̀gùn-Ọba ti dé. Mo bá wọn jà lórí orúkọ yẹn títí ó fi sú mi. Ìwọ náà á rántí ọjọ́ tí o kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wálé láti ilé ìwé, tí o fa bàbá rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ òkè yẹn. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n jẹun tán, wọ́n lọ jókòó síta. Mi ò fi bú ọ, torí èmi tí mo bá wọn gbé fún ọdún méjìdínlógójì, mi ò gbà wọ́n gbọ́ tán. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ní Bàbá, ẹ jẹun, oúnjẹ ń tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni títí wọ́n fi lọ.

Àtẹ̀gùn náà jẹ́ méjìléláàádọ́rin, orúnkún mi ló kà á. Afinimọ̀nà di apá mi mú dé òkè. Wọ́n ta okùn pupa dí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn kí àlejò má bàa tẹ ibẹ̀. Ó nawọ́ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀tàn ọba kan tí wọ́n gé ìka rẹ̀ kékeré lójú ogun, pé bó ṣe padà délé ló fi ọwọ́ náà lu àtẹ̀gùn pé ọ̀tá kankan ò ní kọjá ibẹ̀ mọ́ láé, ọwọ́ náà sì wọ inú òkúta lọ. Mo ti ń múra láti pàtẹ́wọ́ kí n tó wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ìka mẹ́rin pé, ìka kékeré sì gé kù sí ìdajì. Mo ní Afinimọ̀nà, ṣé ọba ayé àtijọ́ ní sìmẹ́ńtì ni? Mo ní ìyàwó bíríkìlà ni mí, bí mo bá rí sìmẹ́ńtì mo mọ̀ ọ́n. Mo ní ìka yẹn ò bá ogun lọ, ilẹ̀kùn ilé ọ̀gá wọn ló gé e nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ṣẹ́. Mo ní ọkọ mi nìyẹn. Mo bá bú sẹ́kún.

Ọkùnrin náà ò jiyàn. Ẹlòmíràn á ní màmá ti ń ṣàrán. Ó wo ọwọ́ náà, ó wò mí, ó wá tú okùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹ kọjá, mà. Mo kúnlẹ̀, mo ki ọwọ́ mi bọ inú ọwọ́ bàbá rẹ. Oòrùn ti pa sìmẹ́ńtì náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọwọ́ wọn tóbi ju tèmi lọ, àyè ṣẹ́kù, àfi ibi ìka kékeré nìkan ni tèmi ti yọ síta. Mo ní Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sọ ọ́. Nígbà tí mo máa fi dìde, Afinimọ̀nà ti mú ìwé kékeré kan jáde lápò, ó ní kí n pe orúkọ ọkọ mi fún òun, ó kọ ọ́, ó ní láti ọ̀la lọ, ẹnikẹ́ni tí òun bá mú gun òkè yẹn, orúkọ bíríkìlà náà ni yóò gbọ́, pé ìtàn ọba yẹn ti pọ̀ tó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ojú mi ló ṣe.

Ibi tí mo ti wá bà á jẹ́ nìyí. A padà dé ọ́fíìsì wọn, ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ gbé pátákó dídán kan fún mi, ó ní kí n fún Afinimọ̀nà ní máàkì, kí n tẹ ìràwọ̀ láti orí ọ̀kan dé márùn-ún, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìwọ náà mọ̀ pé ní kíláàsì àwọn àgbà tí mo ti kọ́ ìwé kíkọ, àwa márùn-ún la wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀wé jù ló ń ṣe ipò kìíní. Èmi, odidi ọdún méjì, ipò karùn-ún ni mo ń gbé bọ̀ wálé, bàbá rẹ á ní kò burú, ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo mọ bí ipò karùn-ún ṣe ń rí lára ènìyàn. Ṣé ẹni tó tú okùn kí n lè fọwọ́ kan ọwọ́ ọkọ mi ni màá wá gbé sí ipò karùn-ún? Ká má rí i! Mo nu ìka mi lára aṣọ, mo tẹ ìràwọ̀ kan ṣoṣo, mo sì dì í mọ́lẹ̀ dáadáa kó má bàa yẹ̀. Mo tún ṣẹ́jú sí Afinimọ̀nà pé kó fọkàn balẹ̀.

Ìjẹta ló pè mí. Kò pariwo. Ó kí mi, ó béèrè orúnkún mi, ó wá ní Màmá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Mo ní ìwọ kẹ̀, ìwọ tí mo fún ní ipò kìíní. Ó wá ṣàlàyé pé márùn-ún ni wọ́n ń fún ẹni tó ṣe dáadáa jù, pé ọ̀kan, ẹni tó já èrò sílẹ̀ sínú òjò ni wọ́n ń fún. Ó ní ọ̀gá òun ò gbà pé èèṣì ni. Ó ní kí n má sunkún. Èmi tí mo gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, òun ló tún ń tù mí nínú. Wọ́n máa ń sọ pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹyin náà ni ìka.

Nítorí náà, bí o bá ti ka ibí yìí, gbé lẹ́tà sílẹ̀ ná, lọ síbi tí o ti sanwó yẹn, kí o tẹ̀ ẹ́. Ìràwọ̀ márùn-ún. Kà á sókè kí o tó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀wé sí ọ̀gá náà pẹ̀lú, pé ìyá rẹ ni kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá lé Afinimọ̀nà, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi síbẹ̀, ẹni yẹn á tún gbé ọba oníìka-gígé jáde, bàbá rẹ á sì tún di òpùrọ́. Nínú ilé yìí, a ti pe ẹnì kan ní ohun tí kò jẹ́ títí ó fi kú. Mi ò fẹ́ ṣe èkejì.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Mo mọ̀ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ná èyí tó pọ̀ lé mi lórí ni, ṣùgbọ́n bá mi wá owó ìrìn-àjò ènìyàn mẹ́rin. Èmi nìyí, káfíńtà, onígbàjámọ̀ àti àbúrò bàbá rẹ ni àwọn mẹ́ta yòókù. Mo ti sọ fún wọn, onígbàjámọ̀ ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ láyé. Kò burú. Kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn gun méjìléláàádọ́rin yẹn, kí Afinimọ̀nà dúró lókè sọ ọ́ fún wọn. Má sì ní kí wọ́n yà wá sọ́tọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, jẹ́ kí èrò pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Bí àyè bá gbà ọ́, ìwọ náà wá pàdé wa. Ọwọ́ rẹ jọ ti bàbá rẹ ju tèmi lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní pa rẹ́. Ẹni tí yóò gbà ọ́ gbọ́ ò ní pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àwọn ọmọ rẹ á sọ orúkọ rẹ láàárín ọ̀rẹ́ wọn, ojú ò ní tì wọ́n. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyàwó Àtẹ̀gùn-Ọba.