Àgádágodo fún Ilẹ̀kùn Awakọ̀ Bàálù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwa náà ń bẹ, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Iṣẹ́ tó ń gbé ọ lọ sókè kò ní gbàgbé láti gbé ọ sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Àmín.

O ní ilé iṣẹ́ yín fún gbogbo ẹ̀yin tó ń wa bàálù ní fọ́ọ̀mù, kí kálukú fàmì sí i bóyá òun fẹ́ máa gbé ìbọn wọ bàálù tàbí òun kò fẹ́, àti pé o kò tíì mọ èwo ni wàá mú. Ó dára tó o bi mí, èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlá gbé ìbọn ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún onígbàjámọ̀ wa, èyí tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà nítorí pé kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí o gba ìbọn kíákíá, pé tí jàǹdùkú bá yọ sí yín lókè, ṣé ẹ máa bẹ̀ ẹ́ ni? Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ wọ̀ mí létí. Àṣé mo ti gbàgbé ọjọ́ tí mo sín lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sín o! Ìbọn dún gbòlà, ó dá ihò sí táńkì omi ọ̀gá mi, àkísà ni mo fi dí i. Tó bá wá jẹ́ bàálù ńkọ́, ta ló máa jáde síta lọ dí i? Ìwọ náà sì rèé, eruku lásán ló ń mú ẹ sín láti kékeré.

Ọ̀gbẹ́ni Ọ́tò Páílọ́ọ̀tì tí o ní ó máa ń bá yín wakọ̀ tí ẹ bá ń jẹun tún ń kọ mí lóminú. Wọ́n á fún òun náà níbọn. Kì í sùn, kì í jẹun, kì í rẹ̀ ẹ́! Irú wọn kọ́ là ń gbé ìbọn fún. Bá mi kí i ṣá.

Nítorí náà, fàmì sí "mi ò fẹ́". Mo fi àgádágodo kan ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, irin gidi ni, kí o fi ti ilẹ̀kùn yín látinú. Ẹni tó bá ń kànkùn, kó máa kàn án títí ẹ ó fi balẹ̀. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí ọkọ̀ balẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ló sì ń gbà.

Jọ̀wọ́, fi owó oògùn orúnkún ìyá rẹ ránṣẹ́. Má fi sínú fóònù mi mọ́ o, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀.

Ọlọ́run á máa gbé ọ lọ, á máa gbé ọ bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló bá àgádágodo náà wá. Ọ̀kan rèé, èkejì wà lọ́rùn mi, kí olè má baà rí méjèèjì gbà lọ́wọ́ rẹ. Tí tìrẹ bá sọ nù, wá sílé wá mú tèmi. Tí kò bá sì sọ nù, ṣáà wá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ