Aṣọ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Tú

                                                  Ojúlé Kẹsàn-án,
                                                  Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn.
                                                  Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá.

Ẹlẹ́rìn-ín mi, ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Bàbá ilé ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti gbọ́ oògùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ tuntun tí o ní ó gbé imú mi wáyé láìbá mi tan? Bá mi sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, imú yìí kò ní kí n má rí ọkọ fẹ́.

Tèmi náà, mo dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wálẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ ìfọṣọ ní ilé-ìwòsàn sì ń lọ ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń pè mí ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹnì kọ̀ọ̀kan á bá mi sọ̀rọ̀ níwọ̀n ìgbà tí omi fi máa hó, a ó sì dágbére. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi, ilé ti dákẹ́ jù. Láti ọdún mẹ́ta tí bàbá àwọn ọmọ ti fi wá sílẹ̀, ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá tó wà níbi iṣẹ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù lọ. Ó kúkú ń dá mi lóhùn, àfi pé ìkùn ló máa ń kùn.

O béèrè nínú lẹ́tà rẹ pé báwo ni ẹgbẹ́ àdúrà Ọjọ́rú, pé èèyàn mélòó la ti dà báyìí. Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n fèsì láti oṣù mẹ́rin. Èèyàn méjìlá ni wá tẹ́lẹ̀. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, mẹ́rin ló jókòó nínú pálọ̀ mi, èmi gan-an sì ni ìkẹrin. Èmi ni mo fà á. Ìwọ tí o sọ mí ní Rédíò nílé-ìwé nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í sùn lẹ́nu mi, o lè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí o bá rín in tán, kí o ṣàánú mi.

O rántí pé Pásítọ̀ ló fi mí ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ náà, lẹ́yìn ìsìnkú. Mo rò pé àánú ló ṣe é, ó fẹ́ kí ohùn èèyàn máa dún nínú ilé mi. Wọ́n rán wa lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì fún àwọn aṣáájú. Mo ra ìwé tuntun, mo sì kọ ojú ewé mẹ́tàdínlógún: bí aṣáájú ṣe ń dìde dúró, bó ṣe ń gbóhùn sókè, bó ṣe ń wo èèyàn lójú kí wọ́n lè tẹ̀lé e. Ká sòótọ́, oyè náà dùn mọ́ mi. Ìyá Ọjọ́rú ni wọ́n ń pè mí, àní lójú títì. Àga mẹ́fà ni mo ní, mo sì máa ń yá mẹ́fà lọ́wọ́ tíṣà tó múlé tì mí. Lẹ́yìn ìpàdé, gbogbo wa la jọ máa ń dá a padà.

Ìṣe wa ni pé kí Bíbélì yí ká, kí kálukú ka ẹsẹ kan. Obìnrin kan wà láàárín wa tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní ìkóríta, Aránṣọ la ń pè é. Nígbàkigbà tó bá kàn án, ó ti gbàgbé awò ojú rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé máṣíìnì rẹ̀ ti ka Bíbélì jù ú lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró bá mi kó àga. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú àga lọ́wọ́, ó sọ fún mi pé òun ò mọ̀wé kà. Kò sẹ́ni tó rán òun nílé-ìwé. Bíbélì tí òun ń gbé kiri, ibi tó bá ṣí sí náà ni òun ń tẹjú mọ́. Ó ní òun ò tíì sọ ọ́ fún ọmọ òun kankan, pé ṣé mo lè kọ́ òun, àwa méjèèjì nìkan, ní jẹ́jẹ́.

Mo gbà. Inú mi dùn títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Nígbà tí Ọjọ́rú pé, tó di àsìkò àdúrà, mo dìde bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo gbóhùn sókè bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo ní ká gbàdúrà fún arábìnrin wa kan tó wà láàárín wa, tí kò mọ̀wé kà, kí Olúwa ṣí ojú rẹ̀. Mi ò dárúkọ. Mo rò pé ẹni tí kò bá ti dárúkọ ti bo àṣírí. Ta ni nínú pálọ̀ yẹn tí kò mọ ẹni tí awò ojú rẹ̀ kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù? Kí n tó dijú, mo rí i tí gbogbo wọn kọjú sí àga kan ṣoṣo. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, bàbá àgbà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí kò sì sí ẹlẹ́mìí rere tó tó o láàárín wa, na ọwọ́, ó sì rọra fọwọ́ kan Aránṣọ léjìká.

Aránṣọ bá wa ṣe àmín. Ó sọ Bíbélì rẹ̀ sínú àpò, ó bá mi gbé àga, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní ó dàárọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò wá mọ́.

Àwọn yòókù kò bá mi jà. Ìbá sàn kí wọ́n bá mi jà. Wọ́n ń kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń mú wá fún àdúrà yí padà. Tẹ́lẹ̀, obìnrin kan máa ń sọ ti ọmọ rẹ̀ tí kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, ẹlòmíràn á sọ ohun tí dókítà wí. Ní báyìí, tí mo bá béèrè, ẹnì kan á ní ká gbàdúrà fún àlàáfíà gbogbo ayé, ẹnì kan á ní fún òjò, ẹnì kan á ní fún àwọn arìnrìn-àjò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi gbàdúrà fún arìnrìn-àjò, kò sì sẹ́ni tó ń lọ ibì kankan nínú wa. Nígbà tó yá, orúnkún ń dun ẹnì kan, iṣẹ́ ẹnì kan bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ni wọ́n pa á fún.

Mo wá fi àṣìṣe tún àṣìṣe ṣe. Mo dìde ní Ọjọ́rú kan, mo ní mo ti ṣẹ Aránṣọ, kí wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́ pé mo sọ ọ̀rọ̀ àìmọ̀wékà rẹ̀ síta. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ dijú bí ẹni tí eyín ń dùn. Nígbà tí a parí, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìyá Ọjọ́rú,” ó ní, “ẹ tún ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.”

Bí mo ṣe mú síkẹ́ẹ̀tì kan tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, mo forí lé ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n jókòó, màdáàmù. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pè mí ní màdáàmù rí. Mo wo ara ògiri. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi ń wọn èèyàn, oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, pẹ̀lú kókó níbi àyà, níbi ìbàdí, níbi gígùn, gbogbo wọn sì so rọ̀ sórí ìṣó. Mo ti rí wọn láìmọye ìgbà, àrà ọwọ́ rẹ̀ ni mo pè é. Ọjọ́ yẹn ló tó yé mi pé ìwé rẹ̀ nìyẹn. Mo wá tèmi títí mo fi rí i. Kò tíì jù ú nù, ìtùnú yẹn nìkan ni mo sì gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò ro adìẹ: òun ń ránṣọ, èmi ń wo ojú títì. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, aṣọ tó ya ti tán nílé mi. Kí ni mo máa ṣe? Mo mú sísọ́ọ̀sì kékeré, mo tú etí gáùn mi aláwọ̀ búlúù, èyí tí mo wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ mi, mo sì gbé e lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tú abíyá aṣọ mìíràn. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, aṣáájú ẹgbẹ́ àdúrà, ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ba aṣọ ara rẹ̀ jẹ́.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Aránṣọ yí inú aṣọ náà síta, ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó sì fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán náà lọ.

“Aṣọ yìí ò ya, màdáàmù. Wọ́n tú u ni. Ẹni tó tú u ò sì mọ aṣọ tú.”

Mo sọ fún un pé aṣọ tó ya ti tán nílé, pé mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi sọ ọ̀rọ̀ òun. Ẹlẹ́rìn-ín, mo ti ní ìdáhùn sílẹ̀: pé ìfẹ́ ni, pé àdúrà àpapọ̀ lágbára. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi kò sí nínú ojú ewé mẹ́tàdínlógún yẹn.

“Ó wù mí kí wọ́n mọ̀ pé èmi lẹ finú hàn,” mo ní. “Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ yín.”

Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ilé mi dákẹ́, ẹnì kan wá gbé ohun iyebíye lé mi lọ́wọ́, mo sì gbé e jáde kí ayé lè rí i pé mo ní nǹkan lọ́wọ́. Mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn bí ọmọdé. Ó jẹ́ kí n sun ún tán, ó sì ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ fa àga yẹn súnmọ́ ibí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tú aṣọ láì bà á jẹ́.”

Láti ìgbà náà, tí àwọn oníbàárà bá ti lọ lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, ó ń kọ́ mi ní ìránṣọ, èmi náà ń kọ́ ọ ní ìwé. Èmi ni olódo nínú àwa méjèèjì. Ó ní ojú rírán mi ń rìn bí ẹni tó mutí yó. Àmọ́ tí oníbàárà bá wọlé, á fi aṣọ tí mo bà jẹ́ sábẹ́ tábìlì, á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ọ̀nà tó ń gbà bò mí yẹn ni mo fi ń mọ bó ṣe yẹ kí n ti ṣe fún un. Ó ti ka ìtàn adẹ́tẹ̀ tí Jésù wò sàn báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà á, ìka lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó bi mí pé kí ló dé tí Jésù fi ní kí ọkùnrin náà má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fún un ní ìdáhùn ṣọ́ọ̀ṣì, pé àkókò Olúwa kò tíì tó. Ó mi orí. Ó ní bóyá nítorí ọkùnrin náà ni, bóyá Jésù ò fẹ́ kó jẹ́ pé “adẹ́tẹ̀ àná” ni wọ́n á máa pè é títí ayé. Ọdún méjì ni mo ti ń darí èèyàn, ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn rí.

Kò tíì padà sí ìpàdé, mi ò sì bi í. Mi ò dìde dúró mọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo ń jókòó bíi ti gbogbo èèyàn. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ dúró lẹ́yìn láti bá mi kó àga, bẹ́ẹ̀ a ò yá àga kankan mọ́. Ó dúró díẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní ó dàárọ̀. Mi ò béèrè nǹkan kan. Tó bá fẹ́ sọ ọ́, yóò bá mi nílé.

Má rò pé mo tún ti ṣe é pẹ̀lú lẹ́tà yìí o. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ Aránṣọ. Ó ní kí n sọ èyí tí gbogbo èèyàn ti gbọ́, àti ti ìwé òun abẹ́rẹ́ tí àwa méjèèjì jọ ń kọ́.

Lọ́sàn-án òní, nígbà tó pa ìwé dé, ó sọ nǹkan mìíràn fún mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé kíkà, ó wúwo ju ìyẹn lọ. Mo gbé e rìn bọ̀. Mo pàdé Pásítọ̀ lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, ó bi mí pé Aránṣọ ńkọ́, mo ní dáadáa ló wà. Mo délé, kò sẹ́nì kankan. Ká ní bàbá àwọn ọmọ wà láyé ni, bóyá ǹ bá yọ́ ọ sí i létí. Mo mú bírò nítorí pé ìwọ wà. Láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọ ọdún méje, kò sí ohun tó wọ etí mi tí kò dé etí rẹ, bó pẹ́ bó yá. Ìdí rẹ̀ gan-an tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí lónìí nìyẹn, mo sì ti dé ibi tó yẹ kí n kọ ọ́ sí.

Mi ò ní kọ ọ́, ọ̀rẹ́ mi. Má bínú sí mi. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo máa fi pamọ́ fún ọ láyé, ó sì dá mi lágara, ó ń ṣe mí bí ẹni tó dá wà nínú ilé méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ilé mi àti lẹ́tà yìí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pé bó ṣe máa ń rí nìyí.

Bá mi kí bàbá ilé, kí àwọn ọmọ, fi ẹnu kan imú ọmọ-ọmọ wa fún mi. Kọ̀wé sí mi kíá, kó gùn. Sọ gbogbo ohun tó bá wù ọ́, ibi tí mo bá gbé e sí ló máa wà. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́: má bi mí ní ohun tí Aránṣọ sọ.

Tìrẹ ni mí síbẹ̀síbẹ̀,
Rédíò.