Ibi Tí Ọmọdé Ò Gbọdọ̀ Dé Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

                                                  Yàrá tó kángun sí àtẹ̀gùn,
                                                  Àjà Kẹrin,
                                                  Inú Ọkọ̀ Ojú Omi,
                                                  Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹjọ.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti rọlẹ̀ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń múra ìdánwò? Gbogbo ará ilé ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, ṣé àwọn oníbàárà mi ò ti máa wá bi ọ́ pé ibo ni aránṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ wọlé sí? Bá mi sọ fún wọn pé mò ń bọ̀, kí ẹni tí gáùn ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi má lọ gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ara mi le, ọmọ mi náà wà pa, òòyì ojú omi ò sì kọ́ wa. Bí o bá ti ka èyí tán, o ti ka ìròyìn ayọ̀ tó wà nínú lẹ́tà yìí tán nìyẹn. Nẹ́tíwọ̀kì ò sí láàárín òkun, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè dúró di ìgbà tí mo bá délé kí n tó sọ ohun tó wà nínú mi. Mò ń jowú, ọ̀rẹ́ mi. Mò ń jowú débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́.

O mọ ẹ̀gbọ́n mi nọ́ọ̀sì. Má bínú pé "ó" ni màá máa pè é nínú lẹ́tà yìí o. Lójúkojú, "ẹ" ni mò ń pè é, ta ló tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi lọ́wọ́lọ́wọ́ ò jẹ́ kí ọwọ́ mi lè kọ "wọ́n" fún un. Ìyá wa nìkan ni mo fi ọ̀wọ̀ sílẹ̀ fún.

Òun ló dá a lábàá pé kí àwa méjèèjì mú ìyá wa lọ gbafẹ́ lójú omi. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni a ti fẹnu kò pé wọn ò lè dá gbé mọ́. Ibi tí ẹnu wa ò ti kò ni ilé ẹni tí wọn yóò kó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dọ̀ òun ni, nítorí pé nọ́ọ̀sì ni òun. Èmi ní ọ̀dọ̀ mi ni, nítorí pé, ó dáa, nítorí pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Àbíkẹ́yìn ni mí, kò sí ẹni tí wọ́n pọ̀n pẹ́ tó mi. Ìyá wa gbọ́ iyàn wa títí ó fi sú wọn, wọ́n wá ní kí á jẹ́ kí àwọn rin ìrìn àjò náà ná, pé kí á tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn yóò sọ ibi tí àwọn ń lọ.

Mo rò pé mo ti borí kí á tó gbéra nílé. Ìdí ni pé mo ní ọmọ. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dàgbà, wọ́n ti tú ká, ilé ẹ̀ pa lọ́lọ́. Èmi ní ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá tó mọ bó ṣe ń pa ìyá wa lẹ́rìn-ín, tó máa ń bá wọn wá jígí ojú wọn rí nígbà tó bá wà lórí wọn. Ìyá tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ilé wo ni wọ́n tún fẹ́ yàn bí kò ṣe ilé tí ọmọ wà? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, mo sì di ẹrù mi tayọ̀tayọ̀.

Ọkọ̀ yìí tóbi o. Tọkọtaya àtọmọ ni wọ́n kọ́ ọ fún. Gbogbo ibi ni ọmọdé ń sá kiri sí, wọ́n ń yọ̀ láti òkè wọnú omi, wọ́n ń da áísìkirimù sí aṣọ ara wọn. Ṣùgbọ́n lókè pátápátá, níbi ìdí ọkọ̀, wọ́n fi gíláàsì gé ibì kan sọ́tọ̀, wọ́n ń pè é ní Ibi Ìsinmi Àgbà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ wọlé. Àga onítìmùtìmù wà níbẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pariwo. Obìnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò yí òfin padà.

Ọjọ́ tí a wọkọ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ti fa ìyá wa lọ́wọ́, ó di inú ibẹ̀. Èmi náà gbá tẹ̀ lé wọn. Obìnrin aláṣọ funfun wo ọmọ mi, ó ní kí á má bínú. Mo ní kò burú, kí ọmọ lọ máa ṣeré níta, kí èmi wọlé. Ó ní òfin ọkọ̀ ni pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún kò gbọdọ̀ dá rìn kiri nínú ọkọ̀ láìsí òbí ẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi èmi àti ọmọ mi sí ẹ̀yìn gíláàsì nìyẹn, tí wọ́n sì fi ìyá mi lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ látàárọ̀ dalẹ́.

Adúmáadán, kí ọ̀tá mi má rí ohun tí mo rí láti ẹ̀yìn gíláàsì yẹn. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi òróró pa ẹsẹ̀ ìyá wa, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Mo rí i tó ń bó ọsàn fún wọn. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó sọ nǹkan kan sí wọn létí, tí ìyá wa sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ jígí ojú, tí wọ́n nu omi ojú wọn. Kí ló sọ? Mo bi í nígbà tí a ń jẹun, ó ní òun ò rántí mọ́. Ó rántí jàre! Bó bá gbójú sókè tó rí mi, á juwọ́ sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kí aládùúgbò. Èmi náà á juwọ́ padà, màá fẹyín sí i. Ọmọ mi ní kí á lọ wo àwọn tó ń jó nísàlẹ̀, mo ní kò sí ibi tí mò ń lọ. Ó ní, "Mọ́mì, imú yín ti yà sára gíláàsì wọn o." Mo fi etí aṣọ nu gíláàsì, mo sì dúró síbẹ̀.

Lánàá, mo wo ọmọ mi dáadáa. Ó ga tó mi. Èjìká nìkan ni ò tíì kún. Aránṣọ sì ni mí, ṣé èjìká ló fẹ́ di wàhálà fún mi? Mo gbé gáùn mi aláwọ̀ ewé jáde, èyí tí o máa ń tọrọ lọ́wọ́ mi yẹn. Mo dín in níbàdí, mo tú etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ kó lè gùn dé kókósẹ̀, mo ya tìmùtìmù kékeré orí bẹ́ẹ̀dì wọn, mo fi fóòmù inú ẹ̀ sí èjìká méjèèjì. Ọwọ́ lásán ni mo fi rán gbogbo ẹ̀ o, kò sí maṣíìnì. Mo fi fìlà oòrùn fífẹ̀ bò ó lórí, mo kun ìtọ́tè fún un, mo fún un ní bàtà gogoro mi. Nígbà tó dìde dúró, díẹ̀ ló kù kí n kí i pé ẹ kú ọ̀sán mà.

Mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa rìn. Mo ní kó má sáré, kó máa mí kanlẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ ti sú. Ọmọ mi ní òun ò fẹ́ lọ, pé ibẹ̀ ò wu òun rárá, pé àwọn àgbà tó ń hanrun ló kún ibẹ̀. Mo ní ta ló ń bi í pé ó wù ú? A dúró títí obìnrin aláṣọ funfun fi lọ jẹun, tí ọkùnrin kan bọ́ sí ipò ẹ̀. Ọkùnrin náà wo ọmọ mi, ó tẹríba, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Mà! Ọmọ fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, mo fi ìgbúnwọ́ gún un, a kọjá.

Ó yẹ kí o rí ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Inú mi dùn, ká má parọ́. Mo wọ́ àga, mo fi há àárín òun àti ìyá wa, mo ní kí ọmọ jókòó síbi ẹsẹ̀ wọn. Kíá ló ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ohun tó jẹ láàárọ̀, ẹni tó já sómi pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, orin tí wọ́n kọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí á rọra sọ̀rọ̀. Mo gbóhùn sókè, mo ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀ ni?" Àwọn àgbà tó ń sùn bẹ̀rẹ̀ sí í lajú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá wa fọwọ́ pa ọmọ mi lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà wọn, wọ́n rọra rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Kò pẹ́ tí obìnrin aláṣọ funfun fi yọ sí wa pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí mi létí, ó ní òun ti gbọ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ìyáàfin yìí, kí á jọ̀ọ́ bá òun jáde. Gbogbo ojú ló wà lára wa. Bí a ṣe ń lọ, bàtà gogoro gbé ọmọ mi ṣubú, fóòmù èjìká kan sì bọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà ṣà á, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó tún rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mi ò mọ ibi tí mo lè wọ̀.

Ta ló lè sọ fún un? Ta ló mọ ọjọ́ orí ọmọ mi níbẹ̀? Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí a jókòó láti jẹun ìrọ̀lẹ́, mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé àwo kalẹ̀ tán. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gba ìyá mi lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ tí a ti wọkọ̀, ẹ ò jẹ́ kí ó tó yín, ẹ tún lọ fẹjọ́ ọmọ mi sùn!" Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Mo ní, "Ta ni ẹ fẹ́ tàn?" Ló bá gbaná jẹ. Ó ní, "Ṣé o rò pé mi ò rí ọ lẹ́yìn gíláàsì? Gbogbo bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ ìwọ àti ọmọ ẹ ni Màmá ń wò. Ìwọ lo ní ọmọ nílé, ilé tèmi ṣófo. Kí lo tún ń wá lọ́wọ́ mi?" Ó yà mí lẹ́nu pé òun náà ń jowú mi. Ká ní inú ò bí mi ni, ǹ bá gbádùn ẹ̀.

Ìgbà náà ni ìyá wa gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n fi ohùn tí wọ́n fi ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ nígbà kan sọ pé, "Èmi ni mo sọ fún un."

Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ọmọ-ọmọ àwọn, ṣùgbọ́n ariwo ọmọ ni àwọn fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ àwọn gbọ́, bí àwọn bá sì délé, ariwo tiwa tún ń dúró de àwọn. Inú ọkọ̀ yìí ni àwọn ti kọ́kọ́ mọ bí ìdákẹ́rọ́rọ́ ṣe rí. Wọ́n ní òróró tí ẹ̀gbọ́n mi ń fi pa àwọn lẹ́sẹ̀ náà ti sú àwọn, pé àwọn máa ń díbọ́n bí ẹni sùn kó lè fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀. Bí òun fúnra ẹ̀ bá sì sùn lọ, àwọn á dìde, àwọn á lọ jókòó ti ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí wíwa ọkọ̀ ojú irin. Ìyá náà ń gbé nínú ọgbà kan tí wọ́n kọ́ fún àwọn àgbà, ilé kéékèèké tó tò lọ, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò sì jìnnà sí àdúgbò wa. Ilé kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ń kó lọ. Mo ní kò burú, èmi á máa wá sùn tì wọ́n. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe, ẹni tí kò bá tíì pé ọgọ́ta ọdún kò gbọdọ̀ sun ibẹ̀. A lè máa wá kí àwọn lọ́sàn-án, kí á sì máa lọ sílé wa nírọ̀lẹ́.

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri. Mo ní, "Màmá, ṣé wọ́n á máa tilẹ̀kùn mọ́ àwa náà ni?" Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Èmi ni mo fẹ́ tì í, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bí yín, mi ò tilẹ̀kùn mi rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo nu ojú, mo fẹ́ gbà fún wọn. Mo ní ó kéré tán, bí èmi ò bá rí wọn gbà, ẹ̀gbọ́n mi náà ò rí wọn gbà. Mo kọjú sí i kí á lè jọ kẹ́dùn bí ọmọ ìyá. Ẹni tí mo rí ò kẹ́dùn rárá. Ó ń ka ìka ọwọ́ ẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ẹ̀rín sì ń yọ létí ẹnu ẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, Adúmáadán! Ọdún méjì péré ló kù fún un kó lọ gba ilé tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Èmi ṣì wà ní mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì kí aláta ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Kí ìyá rẹ fún mi gidigidi. Ìwọ lo ṣorí ire tí wọ́n ń sun yàrá kejì sí tìrẹ, mò ń jowú ìwọ náà, mi ò ní fi bò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ariwo pọ̀ nínú ilé yín, jọ̀ọ́, tètè pa rédíò.

                                                  Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí,
                                                  Abẹ́rẹ́.