Mo Gbẹnu Sọ fún Ìyá Ràfíù

Douala, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun alẹ́.

Ahọ́n tí àwọn ènìyàn ń yìn ni mo fi ṣe ìyàwó mi léṣe lónìí.

Ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ti sọ egungun Ìyá Ràfíù di ẹlẹgẹ́. Dókítà, obìnrin ọlọ́wọ̀ tí sùúrù rẹ̀ kò lópin, ní kí a yan ọ̀kan nínú oògùn méjì: oníhóró tí yóò máa gbé mì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Oníhóró a máa ta ikùn. Dókítà wá béèrè bóyá ikùn tàbí ọ̀fun ń yọ Ìyá Ràfíù lẹ́nu. Èmi tí mo gbọ́ Faransé ni mo dáhùn, bí ẹni ń dáhùn ìkíni: “A dúpẹ́, àlàáfíà ni.” Oníhóró ló kọ fún un.

Nínú takisí tó ń gbé wa padà sílé ní Makepe, Ìyá Ràfíù ní, “Bàbá Ràfíù, ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa o. Kí ni dókítà bi yín?”

Mo sọ fún un.

“Ọgbẹ́ inú mi ńkọ́?”

Mo mọ̀ nípa rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń po ògì fún un tó bá ń ta á...

Lọ́la a ó padà sọ́dọ̀ dókítà. Mo ní kí ó máa sọ̀rọ̀, kí n máa túmọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. “Láìfi tiyín kún un?”

Ojú tì mí láti búra.