Gbénró, Oko Wa Kò Dahoro

Lanlate, Ìbàràpá
Oṣù Kẹfà, 2025

Gbénró, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ìwọ àti Adétóyìn ìyàwó rẹ? Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera. Ara tèmi náà le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ọ, n kò sì ní fi bò.

A gbọ́ ètò tí ìwọ àti àwọn akọ̀ròyìn ẹgbẹ́ rẹ ṣe lórí rédíò ilẹ̀ òkèèrè yẹn, níbi tí ẹ ti ń bèèrè ẹni tí yóò bọ́ aráyé bí ogun àti ọ̀dá kò bá dáwọ́ dúró. Mo ké sí gbogbo ilé kí wọ́n wá gbọ́ ohùn ọmọ mi. Àfi bí o ṣe ní àwọn àgbẹ̀ Lanlate ti sá lóko, ilẹ̀ wọn ti dahoro. Lo bá gbé ohùn Oyinadé sí i, opó tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà: “A sá o! A fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀!”

Gbénró, mo jókòó tì yín lọ́jọ́ tí ẹ wá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lóko. Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni pé, “Ṣùgbọ́n a ti padà. Ẹ̀gẹ́ mi nìyẹn lẹ́yìn yín.” O tiẹ̀ di ẹ̀gẹ́ náà sẹ́yìn mọ́tò lọ sílé! Ta ló gé ọ̀rọ̀ obìnrin náà sí méjì?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan tí a kò mọ̀ rí kó àwọn awọnlẹ̀ wọ oko Oyinadé, wọ́n ní ilẹ̀ tí kò ní àgbẹ̀ mọ́ làwọn fẹ́ gbà. Nígbà tí Baálẹ̀ abúlé oko wa pè wá jọ, ọ̀gá wọn kò mú ìwé kankan wá. Fóònù ló nà sókè, ohùn rẹ ló jáde níbẹ̀. Gbogbo àgbà yíjú sí mi. Ojú gbà mí tì.

Oyinadé dìde. Ó ní, “Baba, èmi tí wọ́n ní mo sá rèé. Ṣé òkú ló ń bá yín sọ̀rọ̀ ni?” Baálẹ̀ ní kí àwọn àjèjì náà máa lọ ná, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ ọjà. Oyinadé tó máa ń pè mí ní Màmá Gbénró tẹ́lẹ̀, “Ẹ káàárọ̀ mà” lásán ló ń kí mi báyìí.

N kò ní kí ẹ má bèèrè ìbéèrè ńlá. Àbí àwa kì í ṣe aráyé ni? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bèèrè, kó gbọ́ ìdáhùn tán! Gbé ọ̀rọ̀ Oyinadé jáde lódindi lórí rédíò kan náà, kí o sì wá dúró níwájú Baálẹ̀ fúnra rẹ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹnu rẹ di ohun tí wọn yóò fi lé ará ilé rẹ kúrò lórí ilẹ̀. Yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Keturah

Àfikún: Bí o bá dé, má kọ́kọ́ wọlé wa. Ilé Oyinadé ni kí o yà sí ná. Bí òun bá ní kí o máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ìgbà náà ni n óò ṣílẹ̀kùn.