Kọ̀ǹpútà Yín Tó Ń Pẹ́ Jí

"Ta ló mú fíláṣì tí Tanveer àbúrò yín ń kó fáìlì sí?" Màmá bi wá láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín lẹ kọjú sí: "Ọmọ olè! Bàbá ẹ ló kọ́ ẹ, àbí?" Nasreen ti wọkọ̀ padà sílé wọn ní Multan.

Mo dá gbogbo ètò tó ń bá kọ̀ǹpútà yín àtijọ́ jí dúró, síbẹ̀ ogún ìṣẹ́jú ló fi ń tan. Mo wá rántí pé ọjọ́ Ajé tí fíláṣì sọnù ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Mo bá ṣí aṣọ tí Nasreen fọwọ́ rán, tí ẹ̀yin fúnra yín máa ń dà bò ó.

Màmá ní ẹ ò ní jẹun nílé yìí títí ìyàwó yín yóò fi dé.

Ihò iwájú kọ̀ǹpútà lẹ̀yin fúnra yín ti fíláṣì náà bọ̀. Inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń kọ́kọ́ tú kó tó jí. N ò yọ ọ́. Ó wà níbẹ̀.